Gíláàsì mẹ́ta, ọ̀pá mẹ́ta: bí ara wa ṣe ń yí

Ẹ mi orí yín sókè sódò bí ẹni tó gbà sí ọ̀rọ̀. Ẹ tún mì í sí ọ̀tún sí òsì bí ẹni tó kọ̀. Ó ku ẹyọ kan: ẹ tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, kí etí máa lọ bá èjìká, kí èjìká má sì gbéra wá pàdé rẹ̀. Orí kan ni, ọrùn kan ni, ọ̀nà mẹ́ta ló gbà. Ẹni tó bá ti ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ti fi ara rẹ̀ mọ ohun tí àwọn ìwé ìmọ̀ nípa ara ń pè ní plane àti axis. Ohun tó kù kò ju orúkọ lọ, orúkọ ọ̀hún ló sì ń dà wá láàmú.

Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó lè ka orúkọ egungun 27 tó wà nínú ọwọ́ láì fo ọ̀kan, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kó sọ inú plane wo ni apá wà nígbà tó bá ń gòkè, òrùlé ló máa ń wò. Mi ò bú u. Èmi náà wo òrùlé yẹn pẹ́.

Ìdúró kan wà tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ẹ dìde nàró, ẹ kọjú síwájú, kí ìka ẹsẹ̀ kọjú síwájú, kí apá méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ ara, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú síwájú, kí àtàǹpàkò sì na síta. Kò sẹ́ni tó ń dúró báyìí fúnra rẹ̀. Tí a bá fi ọwọ́ sílẹ̀, itan ni àtẹ́lẹwọ́ máa ń kọjú sí. Ìdí wà tí wọ́n fi yàn án. Egungun méjì ló wà láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́. Nígbà tí àtẹ́lẹwọ́ bá kọjú síwájú, àwọn méjèèjì á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí igi àkàbà méjì. Tí àtẹ́lẹwọ́ bá yí sẹ́yìn, ọ̀kan á dábùú èkejì. Àwọn onímọ̀ fẹ́ ìdúró tí nǹkan kan kò ti gun orí nǹkan kan, kí wọ́n lè máa ti ibẹ̀ ka ohun gbogbo. Nítorí náà, bí ènìyàn ìbáà dùbúlẹ̀, ìbáà lóṣòó, ìbáà fi orí dúró, bí ẹni pé inú ìdúró yìí ló wà la fi máa ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Ọ̀tún sì ni ọ̀tún ẹni tó ni ara. Ẹni tó ń wò ó kò ní ọ̀tún nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká wá mú gíláàsì wọlé. Plane kò ju gíláàsì pẹlẹbẹ kan lọ tí a fi ọkàn yàwòrán rẹ̀, tó tẹ́jú, tó tinrín débi pé ó lè gba inú ara kọjá láì pa á lára.

Gíláàsì àkọ́kọ́ gba àárín ojú méjèèjì wọlé, ó gba orí imú, àgbọ̀n àti ìdodo, ó sì jáde láàárín ẹsẹ̀ méjì. Ó pín ara sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Sagittal ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn náà sagitta, ìyẹn ọfà: ọfà tó bá ni níwájú, tó gba ẹ̀yìn jáde. Èyí tó gba àárín gan-an ní orúkọ tirẹ̀, median, ṣùgbọ́n ẹ lè sún un sí ọ̀tún tàbí sí òsì, kó gba èjìká tàbí orúnkún kọjá, sagittal ló ṣì ń jẹ́.

Gíláàsì kejì gba etí kan bọ́ sí etí kejì, ó gba èjìká méjèèjì sọ̀kalẹ̀ dé kókósẹ̀. Ojú, àyà àti ikùn wà níwájú rẹ̀; ìpàkọ́ àti ẹ̀yìn wà lẹ́yìn rẹ̀. Frontal nìyẹn. Àwọn mìíràn ń pè é ní coronal, láti inú corona, adé. Gíláàsì kan náà ni, ẹ má jẹ́ kí orúkọ méjì dẹ́rù bà yín. Ẹ̀kẹta dùbúlẹ̀ bí ojú tábìlì, ó ya òkè ara kúrò lára ìsàlẹ̀. Transverse, tàbí horizontal. Níbi tí wọ́n ti ń ya àwòrán inú ara, axial ni ẹ máa gbọ́.

Tí ọ̀rọ̀ bá dúró síbí, kò sí wàhálà. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a ní kí gíláàsì wá sọ bí ara ṣe ń yí. Ohun tó là mí lójú nìyí: ẹ fi í ṣe bí ẹni pé ẹ̀yà ara tó ń yí ń nu gíláàsì. Ẹni tó ń nu fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ lè lọ sókè, sódò, síbí, sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n kì í kúrò lójú gíláàsì, kì í sì í gún un wọlé. Gíláàsì tí apá yín lè máa nù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì fọ́ ọ, òun ni plane tí apá náà wà nínú rẹ̀.

Ẹ dán an wò. Ẹ fara ti ògiri, kí gìgísẹ̀, ìdí àti èjìká kan ògiri, kí ẹ̀yìn ọwọ́ náà kàn án. Ẹ máa gbé apá sókè láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, títí á fi kọjá èjìká tí á sì lọ bá etí. Ẹ̀yìn ọwọ́ kò fi ògiri sílẹ̀ rárá. Ògiri yẹn ni gíláàsì frontal yín. Ẹ wá sọ apá kalẹ̀, kí ẹ gbé e síwájú: kíá ni ọwọ́ ti kúrò lára ògiri. Gíláàsì mìíràn ló ń nù báyìí, èyí tó nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká láti iwájú lọ sẹ́yìn. Sagittal.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, torí àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyí. Ẹni tó bá gbọ́ "frontal" máa ń rò pé ohun tó ń lọ síwájú ni. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohun tó bá lọ síwájú ti gún gíláàsì frontal fọ́. Gbígbé apá síwájú, gbígbá bọ́ọ̀lù, kíká ìgbọ̀nwọ́, jíjókòó sórí àga àti dídìde níbẹ̀, sagittal ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn. Gbígbé apá sí ẹ̀gbẹ́, yíya ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lára ara wọn, títẹ ìbàdí sí ẹ̀gbẹ́, frontal ni. Ti transverse ni yíyí bíi ti ẹni tí wọ́n pè láti ẹ̀yìn, tó wẹ̀yìn láì gbé ẹsẹ̀.

Ó ku ọ̀pá. Axis ni ọ̀pá tí nǹkan ń yí mọ́. Ẹ mú ìwé pélébé kan, ẹ fi ìṣó kàn án mọ́ pákó, kí ẹ máa yí i. Ìwé ni gíláàsì, ìṣó ni ọ̀pá. Ìṣó dá ìwé lu, ó dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Òfin kan ṣoṣo tó wà nìyẹn: ọ̀pá gbọ́dọ̀ gún gíláàsì tirẹ̀ ní 90 dígírì. Sagittal nàró láti iwájú sí ẹ̀yìn, nítorí náà láti ọ̀tún sí òsì ni ọ̀pá máa gbà gún un. Frontal, ọ̀pá rẹ̀ gba iwájú wọlé, ó gba ẹ̀yìn jáde. Transverse tó dùbúlẹ̀, ọ̀pá rẹ̀ ti òkè bọ́ sílẹ̀ bí òpó.

Ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. Wọ́n bi mí pé inú plane wo ni ilẹ̀kùn wà nígbà tí a bá ń ṣí i. Mo wò ó, ó nàró, mo dáhùn pé plane tó nàró ni. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ẹ so ṣọ́ọ̀kì mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kí ẹ ṣí i: orí ilẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì máa fa ìlà sí, ìlà tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ilẹ̀ sì dùbúlẹ̀. Ipa tí nǹkan ń tọ̀ la ń wò. Bí nǹkan náà fúnra rẹ̀ ṣe dúró kò kàn wá. Irin tí wọ́n fi so ilẹ̀kùn mọ́ férémù ni ọ̀pá, lóòró ló wà, ilẹ̀kùn sì ń yí nínú transverse. Táyà kẹ̀kẹ́ tí ẹ gùn, irin àárín rẹ̀ lọ láti ọ̀tún sí òsì: sagittal. Aago tí wọ́n gbé kọ́ sára ògiri ní ọ̀kánkán yín, irin tí ọwọ́ rẹ̀ ń yí mọ́ kọjú sí yín gbọọrọ: frontal. Láti ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ti dójú tì mí, ọ̀pá ni mo máa ń kọ́kọ́ wá, torí pé ó rọrùn láti rí ju gíláàsì lọ.

Àwọn ìwé kan wá tún da omi sí i. Wọ́n máa ń kọ ọ́ pé kíká ìgbọ̀nwọ́ ń ṣẹlẹ̀ nínú sagittal plane, mọ́ frontal axis. Sagittal lẹ́nu kan, frontal lẹ́nu kan náà! Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ọ̀pá ọ̀tún-sí-òsì sùn sínú gíláàsì frontal, wọ́n bá fi orúkọ gíláàsì yẹn pè é. Ọ̀pá iwájú-sí-ẹ̀yìn, nítorí pé ó lọ bí ọfà, ni wọ́n ń pè ní sagittal axis, bẹ́ẹ̀ inú gíláàsì frontal ni ohun tó ń yí mọ́ ọn wà. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwà ìkà ni sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ìwé mìíràn ṣàánú wa, wọ́n ń lo mediolateral, anteroposterior àti longitudinal. Lójú tèmi, "ọ̀tún-sí-òsì", "iwájú-sí-ẹ̀yìn" àti "òkè-sí-ilẹ̀" tó.

Ẹ padà sí orí tí a mì níbẹ̀rẹ̀. Èyí tó gbà yẹn yí mọ́ ọ̀pá tó gba etí sí etí. Èyí tó tẹ̀ sí èjìká yí mọ́ ọ̀pá tó gba imú wọlé tó sì gba ìpàkọ́ jáde. Èyí tó kọ̀ yí mọ́ ọ̀pá tó ti àtàrí bọ́ sínú ọrùn, èyí ló sì dùn mọ́ mi jù, nítorí pé ọ̀pá tirẹ̀ wà níbẹ̀ ní tòótọ́. Egungun ọrùn méje la ní. Àkọ́kọ́ rí bí òrùka, orí jókòó lé e, ibi tí orí ti pàdé rẹ̀ la sì ti ń rí èyí tó pọ̀ nínú mímì sókè sódò. Èkejì ní èékàn egungun kan tó yọ sókè wọ inú òrùka náà. Nígbàkígbà tí ẹ bá mi orí pé rárá, òrùka ló ń yí mọ́ èékàn. Nǹkan bí ìdajì gbogbo yíyí tí ọrùn lè yí ń ti ibẹ̀ yẹn wá. Atlas ni wọ́n ń pe egungun àkọ́kọ́. Èkejì, tó ni èékàn, axis lorúkọ rẹ̀.

Oríkèé kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọ̀pá tirẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ ní ẹyọ kan: ó ń ká, ó ń nà, bíi 150 dígírì, ó parí. Èjìká àti oríkèé itan ní mẹ́ta, torí pé orí egungun roboto ló wọ inú ihò. Ọrùn ọwọ́ ní méjì. Ẹ̀yin tó fẹ́ bá mi jiyàn pé mẹ́ta ni, ẹ fi ọwọ́ kejì di apá ìsàlẹ̀ mú pinpin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ọwọ́, kí ẹ wá gbìyànjú láti dojú àtẹ́lẹwọ́ délẹ̀. Kò ní lọ. Ohun tí a rò pé ọrùn ọwọ́ ń ṣe nígbà tí a bá ń yí kọ́kọ́rọ́, egungun méjì apá ìsàlẹ̀ ló ń ṣe é, ọ̀kan ń yí gun orí èkejì.

Orúnkún jọ ìgbọ̀nwọ́, àfi pé ẹ̀yìn ló ń ká sí. Gíláàsì kan náà ni, ọ̀pá kan náà. Tó bá nà tán, kò fẹ́ yí sí ibì kankan; tó bá ká díẹ̀, ó fàyè gba yíyí díẹ̀. Àyè díẹ̀ yìí ló ń fa ìjàm̀bá. Ẹni tó ń sáré, tó gún ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lójijì láti yà, ìbàdí rẹ̀ yí, ara rẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ kò tẹ̀lé e. Orúnkún bẹ́ sínú nínú frontal, ó tún lọ́ nínú transverse, okùn ara tó so egungun itan mọ́ ojúgun láàárín oríkèé náà sì já. Kò sẹ́ni tó gbá a ní ẹsẹ̀. Gíláàsì tí kò mọ̀ ọ́n nù dáadáa ni wọ́n ní kó nù.

Ìbàdí náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá máa ń sọ pé àwọn ń lọ́ ìbàdí. Egungun ẹ̀yìn márùn-ún tó wà nísàlẹ̀, ní ìbàdí níbẹ̀, bóyá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ń yí ju dígírì kan sí méjì lọ, nítorí bí ojú ibi tí wọ́n ti fara kanra ṣe dúró: ó fàyè gba títẹríba, ó dènà lílọ́. Egungun ẹ̀yìn tó wà ní ọ̀kánkán àyà, pẹ̀lú oríkèé itan, ló ń ṣe iṣẹ́ tí a fi orúkọ ìbàdí pè. Tí ẹ bá di àyà tàbí oríkèé itan mọ́lẹ̀ tí ẹ tún fẹ́ fi ipá yí, ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ló máa fojú winá rẹ̀.

Àtàǹpàkò kò bá ẹgbẹ́ pé. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ lé tábìlì. Àwọn ìka yòókù, tí wọ́n bá ká, wọ́n á gbéra kúrò lórí tábìlì. Àtàǹpàkò, tó bá ká, ojú àtẹ́lẹwọ́ ló máa wọ́ kọjá. Ó ti yí ẹ̀gbẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ilé, nítorí náà gíláàsì rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú tiwọn.

Ohun mìíràn tó ń rú àwọn ènìyàn lójú ni pé gíláàsì ń bá ara lọ. Ara ló ni ín. Yàrá kò ni ín. Ẹ wo CT, ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán X-ray ya àwòrán inú ara, tí wọ́n kọ́kọ́ fi wo orí aláìsàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1971, tí Godfrey Hounsfield àti Allan Cormack sì torí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1979. Aláìsàn dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ẹ̀rọ ń ya ara rẹ̀ ní ègé-ègé. Nínú yàrá, ègé kọ̀ọ̀kan nàró bí ògiri. Síbẹ̀ transverse ni, nítorí pé òkè ara ló yà kúrò lára ìsàlẹ̀. Bí ẹni tó dúró níbi ẹsẹ̀ aláìsàn tó ń wo orí rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán ni wọ́n sì ń wo àwòrán náà, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dọ̀, tó wà ní ọ̀tún ara, fi máa ń hàn ní òsì àwòrán. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé wọ́n dojú rẹ̀ rú.

Ìgbà wo wá ni ara ń nu gíláàsì kan ṣoṣo? Ó ṣọ̀wọ́n. Ìrìn lásán tí ojú wa ń kà sí sagittal, egungun ìbàdí ń yí bíi dígírì mẹ́rin síwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń lọ, ó tún ń rẹlẹ̀ bíi márùn-ún ní ìhà ẹsẹ̀ tó gbéra. Egungun pẹlẹbẹ ẹ̀yìn èjìká kò sùn sínú frontal, ó kọjú síwájú ní bíi 30 sí 40 dígírì, ibẹ̀ ló sì rọrùn jù fún apá láti gbà gòkè. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń nawọ́ mú nǹkan lórí pẹpẹ, ẹ ò ní gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gan-an, ẹ ò ní gbé e síwájú gan-an. Lábẹ́ ọrùn ẹsẹ̀, oríkèé kan wà tí ọ̀pá rẹ̀ dá gọ́nbú láti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lọ sókè síwájú, ní bíi 42 dígírì sí ilẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá yí mọ́ ọn, gíláàsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà náà, ohun tí a ń ṣe ni pé a ń pín ìyíkà kan sí mẹ́ta kí a lè wọ̀n ọ́n, bí ẹni tó ń júwe ilé: ẹ rìn tó báyìí síwájú, ẹ yà tó báyìí sí ọ̀tún, ẹ gun àtẹ̀gùn tó báyìí.

Ó ku àdììtú kan. Ẹ na apá sílẹ̀, kí ẹ máa yí àtẹ́lẹwọ́ síwájú sẹ́yìn. Ta ló ń yí? Ẹ fi ọwọ́ kejì di apá mú lókè ìgbọ̀nwọ́, ẹ máa rí i pé ibẹ̀ náà ń yí: èjìká ń dá sí i. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ wọn yíyí apá ìsàlẹ̀ fi máa ń ní kí ẹ ká ìgbọ̀nwọ́ sí 90 dígírì, kí ẹ fi mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara. Tí èjìká bá fẹ́ jí ṣe níbẹ̀, gbogbo apá ìsàlẹ̀ á fì sí ẹ̀gbẹ́, àṣírí á tú. Ẹ di pẹ́ńsù mú kó nàró nínú ìkúùkù, kí ẹ wá yí i. Bíi 80 dígírì ló máa lọ sí ìhà kọ̀ọ̀kan, pẹ́ńsù á sì máa lọ bí ọwọ́ aago ara ògiri. Ojú yín ń rí frontal. Ìwé kọ transverse. Ẹ ju pẹ́ńsù sílẹ̀, ẹ na apá padà sí ìdúró àkọ́kọ́, kí ẹ wo ibi tí ọ̀pá tó wà láàárín egungun méjì yẹn kọjú sí: ilẹ̀ ni.